Bí Ọkọ̀ Òkun Ṣe Ń Jẹ́jọ́ l'Ádó-Èkìtì

Èkìtì kò ní òkun. Etí òkun tó sún mọ́ wọn jù ni ti Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ọmọ Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé tó sì ti fojú rí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kò pọ̀. Síbẹ̀, ní àwọn yunifásítì tó wà l'Ádó àti l'Ọ́yẹ̀ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó bá ti sún mọ́ àṣekágbá lè yan òfin òkun, kó sì wọ ẹ̀wù dúdú lọ́jọ́ kan láti bá ọkọ̀ ojú omi ṣẹjọ́. Ìgbẹ́jọ́ ìdánrawò nìyẹn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè ní mock trial.

Òkun kì í bá omi wọ ilé-ẹjọ́. Bébà ló ń bá wọlé: ìwé ẹrù tí wọ́n ń pè ní bill of lading, àdéhùn ìyáwó ọkọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọ̀gá atukọ̀, ìwé ẹni tó yẹ ẹrù wò ní èbúté. Lọ́yà tó wà l'Ápápá náà, bébà yìí ló ń kà, kì í ṣe orí ọkọ̀ ló ń sùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà dáadáa l'Ádó kò kéré sí ẹni tó ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń da moot pọ̀ mọ́ mock trial. Nínú moot, kò sí ẹlẹ́rìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti dájú, òfin nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí. Irú rẹ̀ ni ìdíje òfin òkun tí Yunifásítì Murdoch ní Ọsirélíà dá sílẹ̀. Nínú mock trial ni ẹlẹ́rìí ti ń búra, tí ìwé ń di ẹ̀rí, tí lọ́yà ń fi ìbéèrè wá irọ́ lẹ́nu ènìyàn. Ó jọ eré lójú, àmọ́ òun ló le jù.

Olùkọ́ ló máa ń pilẹ̀ ẹjọ́. Ká sọ pé oníṣòwò kan ra kòkó ní Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùrẹ́, ó kó o lọ sí Àpápá, ọkọ̀ sì gbé e lọ sí Amsterdam. Nígbà tí wọ́n ṣí ikùn ọkọ̀, irinwó àpò ti bu. Ta ni yóò sanwó? Ọlọ́kọ̀ ní kòkó náà kò gbẹ tó kí wọ́n tó kó o wá. Oníkòkó ní ọkọ̀ ló làágùn. Àwàdà kọ́ o: ọkọ̀ máa ń làágùn. Bó bá ti kúrò nínú ooru Èkó tó wọ òtútù òkè òkun, irin ara rẹ̀ á tutù, ooru tó ń jáde lára kòkó á lọ di omi lábẹ́ àjà, á sì máa kán sórí àpò, gẹ́lẹ́ bí ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ ṣe máa ń kán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá atukọ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó ṣí ihò atẹ́gùn àti ìgbà tó yẹ kó pa á dé.

Òfin náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Hague ti 1924, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ẹrù tí ọkọ̀ òkun ń gbé, ọdún kan péré ni oníkòkó ní láti fi pẹjọ́. Lábẹ́ ìlànà Hamburg ti 1978, ọdún méjì ni. Nàìjíríà sọ ti Hamburg di òfin ní 2005, lẹ́yìn tí ti Hague ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Olùkọ́ á wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ pé oṣù mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí ẹrù gúnlẹ̀ ni oníkòkó pẹjọ́. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá tún fẹ́ dá wọn lágara, á ní inú kọ̀ntéénà kan ni 200 nínú àwọn àpò náà wà, àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 62.5. Hamburg ní owó tó ga jù tí ọlọ́kọ̀ lè san ni 835 SDR (owó ìṣirò tí àjọ IMF ń lò) lórí ẹyọ ẹrù kan, tàbí 2.5 SDR lórí kílò kan, èyí tó bá pọ̀ jù. Bí ìwé ẹrù bá ka àpò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 167,000 ni. Bó bá jẹ́ "kọ̀ntéénà kan" ló kọ, 31,250 ni, nítorí ìṣirò kílò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé kan tẹ̀ sórí bébà ló dá gbogbo ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀.

Ibi tó dùn jù ni ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ọ̀gá atukọ̀ bá gun àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́yà oníkòkó á rọra bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá, aago mélòó lẹ ṣí ihò atẹ́gùn lọ́jọ́ kọkànlá?"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀."

"Ọjọ́ kejìlá ńkọ́?"

"Aago mẹ́jọ náà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ohun tí ẹ kọ nípa ojú ọjọ́ lọ́jọ́ kejìlá."

Ìjì ló kọ, ìgbì ń ya wọ inú ọkọ̀. Kò sí atukọ̀ tó mọṣẹ́ tí yóò ṣí ihò sílẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí omi iyọ̀ má bàa wọlé bá ẹrù. Ó ti hàn pé ẹnì kan jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì kọ "aago mẹ́jọ" láti òkè dé ilẹ̀. Lọ́yà tó gbọ́n á jókòó níbẹ̀. Èyí tí kò tíì gbọ́n á tún béèrè pé kí ló dé, ọ̀gá atukọ̀ á sì rí àyè ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti fi ìbéèrè kan tó lé yìí ba ẹjọ́ jẹ́.

Ohun tó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu jù ni pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ olùjẹ́jọ́. Bí ewúrẹ́ bá wọ oko jẹ gbágùúdá, tí a kò mọ olówó rẹ̀, a ó so ó mọ́lẹ̀; ẹni tó ni ín á wá a wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin Admiralty Jurisdiction ti 1991, òfin Nàìjíríà lórí ẹjọ́ ọkọ̀ òkun, ṣe gbà kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Olówó rẹ̀ lè wà ní Gíríìsì, kí ó forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Panama. Ìgbà tó bá mú onídùúró wá, báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó dá ọkọ̀ dúró láìnídìí lè san owó ìnira tó fi jẹ ọlọ́kọ̀.

Àwọn kan máa ń ṣubú kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Abala 251 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀ràn òkun lé Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ "Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkìtì" sórí ìwé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀, adájọ́ lè dá a padà sílé kó tó la ẹnu.

Adájọ́ yìí sábà máa ń jẹ́ olùkọ́, nígbà mìíràn lọ́yà láti ìgboro. Máàkì tó ń fúnni kò sinmi lé ẹni tó jàre. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á pààrọ̀ ipò: ẹni tó ṣe ọ̀gá atukọ̀ á di lọ́yà oníkòkó, kò sì sí ibòmíràn tí yóò kọ́kọ́ ṣí ju ìwé àkọsílẹ̀ ihò atẹ́gùn lọ.