Òkè Tó Ń Ya, Ihò Tí Kò Wó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ọ̀nà Devil's Slide

Ìbéèrè: Níbo ni Devil's Slide wà, kí sì ni wàhálà rẹ̀?

Ìdáhùn: Etí òkun Pàsífíìkì ni, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín Pacifica àti Montara, ní gúúsù San Francisco. Sàtánì ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ (ọ̀rọ̀ náà kò kan Èṣù tiwa rárá). Lọ́dún 1937 ni wọ́n la ọ̀nà ọlọ́dà sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó dúró ṣánṣán lórí omi, láti ìgbà náà ni òkè ti ń ya lu ọ̀nà, tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ sì ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Lọ́dún 1995, ó ju oṣù márùn-ún lọ tí wọ́n fi tì í pa. Lọ́dún 2006, nǹkan bí oṣù mẹ́rin.

Ìbéèrè: Ṣé wọn kò lè máa tún un ṣe ni?

Ìdáhùn: Wọ́n tún un ṣe títí. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun ń jẹ ẹsẹ̀ òkè náà láìsinmi, bí òjò bá sì rọ̀ púpọ̀, omi a wọ àárín àwọn àpáta tó ti sán, a mú kí wọ́n wúwo sí i, a sì tú bí wọ́n ṣe di ara wọn mú. Kò sí ọ̀dà tó lè wo èyí sàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ihò sínú òkè náà, kí ọ̀nà tuntun lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìbéèrè: Bí òkè bá ń ya, báwo ni ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ kò ṣe ní wó?

Ìdáhùn: Nítorí pé kì í ṣe gbogbo òkè náà ló ń yọ̀. Apá tó kọjú sí òkun ni, bí ìgbà tí èèpo ń bó lára igi tí inú rẹ̀ ṣì le. Ẹ̀yìn ibi tó ń yọ̀ ni ọ̀nà abẹ́ òkè náà gbà. Síbẹ̀, àpáta inú rẹ̀ kò rí bákan náà, ibì kan le, ibì kan sì ti fọ́. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fọ́n kọnkéré sára ògiri kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ihò méjì ni, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn ju 1,200 mítà lọ. Àwọn ọ̀nà kéékèèké so méjèèjì pọ̀, kí àwọn ènìyàn lè sá bọ́ sínú èkejì bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n ṣe afárá sí ọ̀nà tuntun náà pẹ̀lú?

Ìdáhùn: Àfonífojì kan wà níwájú ẹnu ihò ní ìhà àríwá. Afárá méjì tó gùn tó nǹkan bí 300 mítà ló gbé ọ̀nà kọjá lórí rẹ̀, kí wọ́n má baà fi yẹ̀pẹ̀ dí irà tó wà nísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló yan ọ̀nà abẹ́ òkè?

Ìdáhùn: Àwọn olùgbé ibẹ̀ ni. Orí òkè Montara ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà, Caltrans, fẹ́ la ọ̀nà tuntun gbà, àwọn tó ń dáàbò bo àyíká sì bá wọn ṣẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1996, àwọn olùdìbò San Mateo, àgbègbè ìjọba tí Devil's Slide wà nínú rẹ̀, fi ìdá 74 nínú 100 yan abẹ́ òkè. Oṣù kẹta ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi orúkọ aṣòfin Tom Lantos pè é.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n wá fi ọ̀nà àtijọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Láti ọdún 2014, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ń gbafẹ́ níbẹ̀. Òkè náà kò tíì ṣíwọ́ yíyọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ọ̀nà ìgbafẹ́ pa fún oṣù kan, kò sẹ́ni tí kò ní lè dé ibi iṣẹ́.