Kí Àwọ̀ Mẹ́ta Lè Jókòó Sójú Kan: Títẹ Àwòrán Aláràbarà Nílé

Yíǹkì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí léèrè, tí wọ́n bá fẹ́ fi pákó tẹ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ nílé: èwo ni kí àwọn rà, ṣé kò ní ṣí? Ó yẹ kí wọ́n bèèrè, àmọ́ ibi tí bébà jókòó sí lórí pákó tí a gbẹ́, tí a sì fi yíǹkì kùn, ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Tó bá jẹ́ àwọ̀ kan lẹ tẹ̀, bébà lè yẹ̀ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Àwọ̀ kejì ló máa tú u fó: ojú ẹja á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ láàárín ọkọ̀ àti omi.

Àwọn ará Japan ti yanjú èyí tipẹ́. Ní 1765, nílùú Edo tó di Tokyo lónìí, Suzuki Harunobu àti àwọn tó ń bá a gbẹ́ pákó ti ń fi ọ̀pọ̀ pákó tẹ àwòrán kan ṣoṣo, pákó kan fún àwọ̀ kan. Àmì méjì ni wọ́n ń gbẹ́ sétí pákó kọ̀ọ̀kan. Igun bébà máa ń wọ inú àkọ́kọ́. Etí bébà máa ń fara ti èkejì. Kẹ́ńtò ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí àwa lè ṣe nílé ò le. Ẹ wá pátákó kan tó fẹ̀ ju bébà yín lọ. Ẹ kan igi pẹlẹbẹ méjì mọ́ ọn, kí wọ́n pàdé ní igun tó gún régé, kí fífẹ̀ wọn tó ínṣì méjì, kí wọ́n sì nípọn dọ́gba pẹ̀lú pákó tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́. Inú igun yẹn ni pákó àwòrán máa wọ̀ pinpin. Ẹ wá lẹ kádíbọ́ọ̀dù kéékèèké méjì sórí igi náà, ọ̀kan fún igun bébà, ọ̀kan fún etí rẹ̀. Gbogbo pákó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sẹ́yìn igun bébà tó ń wọ àmì, torí igun yẹn náà lẹ máa lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ parí èyí kí ẹ tó mú ọ̀bẹ.

Ní ti pákó, igi ọmọ̀ tí àwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù dára, ó rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ béèrè àjákù rẹ̀ nílé ìlagi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè lo rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀sà wa níbí, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, láàárọ̀ kùtù: ojú ọ̀run yẹ́lò, omi búlúù, koríko etí omi, apẹja nínú ọkọ̀. Àwọ̀ mẹ́rin nìyẹn, pákó mẹ́ta ló sì máa gbà. Yíǹkì tí kò ki jù máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ hàn, nítorí náà níbi tí búlúù bá gun yẹ́lò, àwọ̀ ewé ló máa jáde. Ẹ fi koríko sílẹ̀ láìgbẹ́ ẹ kúrò lórí pákó yẹ́lò àti ti búlúù méjèèjì. Inú mi máa ń dùn gan-an nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ rí i tí àwọ̀ tí kò pò yọ lójú bébà.

Pákó dúdú, tó ru apẹja, ọkọ̀ àti gbogbo ìlà, lẹ máa kọ́kọ́ gbẹ́, òun náà lẹ sì máa tẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ rántí pé ọ̀tún á di òsì. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà méjì nínú igun yẹn. Kí yíǹkì tó gbẹ, ẹ yọ pákó dúdú, ẹ fi pákó òfìfo síbẹ̀, ẹ da bébà bò ó nídìí àmì rẹ̀, ẹ fọwọ́ rà á. Ìlà náà á lẹ̀ mọ́ pákó òfìfo. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Báyìí ni pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà.

Yíǹkì olóròóró tí àwọn onítẹ̀wé ń lò ni mo fara mọ́; ó wà ní Ṣómólú. Ẹ fi rólà rọ́bà tẹ́ díẹ̀ sórí gíláàsì, kí ẹ sì tẹ́tí. Tó bá ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń din ata lórí iná jẹ́jẹ́, ó ti tó. Tó bá ń lẹ̀ gbàgbà, ó pọ̀ jù, á dí gbogbo ihò tẹ́ ẹ gbẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti yí rólà náà lórí pákó, tẹ́ ẹ sì da bébà bò ó nídìí àmì rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbákọ onígi ni kí ẹ fi ra bébà, láti àárín lọ sétí. Ẹ wá fọwọ́ kan tẹ ìdajì bébà mọ́lẹ̀, ẹ fi èkejì ṣí ìyókù wò. Ibi tí yíǹkì ò bá tíì mú dáadáa, ẹ dá bébà padà, ẹ tún un rà. Kò ní yẹ̀, torí ìdajì kejì ò kúrò níbi tó wà.

Afẹ́fẹ́ ló ń gbẹ yíǹkì yìí. Nígbà òjò, tí ọ̀rinrin ọ̀sà gba gbogbo ilé, ẹ fún àwọ̀ kan ní ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èkejì tó gùn ún. Ẹ kọ́ bébà sórí okùn pẹ̀lú pẹ́ẹ̀gì. Òróró ìsebẹ̀ àti ọṣẹ ń fọ yíǹkì kúrò lára rólà dáadáa. Ẹni tó bá lo kẹrosíìnì, kó jìnnà sí iná, kó ṣí wíńdò.

Ẹ tẹ yẹ́lò sórí gbogbo bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó kan búlúù, torí àwọ̀ tẹ́ ẹ bá tún pò lọ́la kì í bá tòní dọ́gba. Tó bá jẹ́ méjìlá lẹ fẹ́, ẹ fi mẹ́rìndínlógún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ á bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn tó bá dáa, ẹ fi pẹ́ńsù kọ 1/12, 2/12 títí dé 12/12 sábẹ́ wọn lápá òsì, kí orúkọ yín wà lápá ọ̀tún.