Bí ọ̀rọ̀ tààrà ṣe ń di àgbàsọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ lónìí, tí ẹlòmíì wá ń ròyìn rẹ̀ lọ́la, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, ọjọ́ ti yàtọ̀, ibi tí wọ́n wà sì lè yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ hàn nínú gbólóhùn. “She said, ‘I am waiting for you here.’” Lẹ́nu ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, tó ti kúrò níbẹ̀, ó di “She said that she was waiting for me there.” Àmì ìfàyọ ti lọ, “that” wọlé (wọ́n sì lè yọ ọ́), “I” di “she”, “you” di “me”, “here” di “there”.

“Am” tó di “was” ló ń dààmú àwọn tó ń sọ Yorùbá jù. Nínú “Ó ní òun ń dúró”, ọ̀rọ̀ ìṣe kì í yí padà, ìbáà jẹ́ àná ló sọ ọ́ tàbí èṣín. Ṣùgbọ́n tí “said” bá ti ṣíwájú ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀lé e sábà máa ń fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn: “go” di “went”, “will” di “would”, “can” di “could”, “went” àti “has gone” di “had gone”. “Had gone” fúnra rẹ̀ ò ríbi sún sí mọ́, ó dúró bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ “says” ló ṣíwájú, kò sí ìsúnsẹ́yìn rárá. Ohun tó ṣì jẹ́ òótọ́ náà lè dúró bó ṣe wà: “He said that the earth is round.”

“Tomorrow” di “the next day”, “yesterday” di “the day before”. Àwọn tó ń há a sórí máa ń gbàgbé pé tí ìròyìn bá wáyé lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n sọ̀rọ̀, “tomorrow” ṣì ni “tomorrow”.

Ìbéèrè le díẹ̀. “Where do you live?” di “He asked me where I lived”: “do” pòórá, olùwà ṣíwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, àmì ìbéèrè kúrò. “He asked me where did I live” tí à ń gbọ́ káàkiri kò tọ̀nà. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ń gba “if” tàbí “whether”. Àṣẹ rọrùn: “Don't touch it” di “She told me not to touch it.” “Told” gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, “said me” kò sí.