Pòtétò Kì Í Ṣe Òòfà Iyọ̀

Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ata, ìmọ̀ràn kan ló máa ń yá gbogbo ènìyàn lẹ́nu, láti Mọ́kọ́lá títí dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn: ẹ ju pòtétò sí i, á fa iyọ̀ náà mu. Wọ́n á bẹ pòtétò, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á jù ú sínú ìkòkò, wọ́n á sì bomi lé e kó lè jinná. Tí wọ́n bá tọ́ ọbẹ̀ náà wò lẹ́yìn èyí, ó ti sàn díẹ̀. Omi ló ṣiṣẹ́, pòtétò ló gba ọpẹ́.

Iyọ̀ kì í dá dúró nínú ọbẹ̀. Inú omi ló ń yòrò sí, ibi tí omi bá sì wà ló máa ń wà. Ká ní gáréèjì Ìwó Road ni ìkòkò náà, Micra, takisí kékeré Ìbàdàn, ni omi, èrò ni iyọ̀. Micra 20, èrò 100: márùn-ún-márùn-ún nínú ọkọ̀ kan, apá ẹnì kan wà lọ́rùn ẹnì kejì. Ahọ́n kì í ka iye èrò tó wà ní gáréèjì. Bí wọ́n ṣe há mọ́ra nínú ọkọ̀ ló máa ń mọ̀.

Iná ló wá ń dá kún ọ̀rọ̀. Bí ọbẹ̀ ṣe ń hó tí omi ń gbẹ, Micra ló ń kúrò ní gáréèjì láìgbé ẹnì kankan. Tí 5 bá lọ lófìfo, èrò 100 di ti ọkọ̀ 15, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pé méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé nígbà tó ṣì ń ṣàn fi ń di oníyọ̀ tí wọ́n bá dín in tán. Ẹni tó bá ní kí òun da òróró sí i kí iyọ̀ lè rọlẹ̀, ó fowó ṣòfò ni, pẹ̀lú bí òróró ṣe wọ́n tó yìí. Iyọ̀ kì í yòrò nínú òróró. Táńkà epo ni òróró ní gáréèjì yìí: ó gba àyè, kò gbé èrò.

Èrò kan tún wà tí wọn kì í kà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé lé ẹsẹ̀. Màgí nìyẹn, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sára rẹ̀. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á fi iyọ̀ àti Màgí bọ ẹran, wọ́n á da omi ẹran náà sínú ọbẹ̀, wọ́n á tún fọ́ horo méjì sí i, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bu iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni iyọ̀ wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kà.

Pòtétò ńkọ́? Kì í ṣa iyọ̀ jẹ kó fi omi sílẹ̀. Ó kàn ní omi tiẹ̀ nínú ni, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó bá wọn gíráàmù 200, omi inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 160, kò kún ife. Bí iyọ̀ bá tilẹ̀ rìn wọ̀ ọ́ dé àárín, èyí tó sì máa ń pẹ́, iṣẹ́ omi tí kò kún ife náà ló ṣe. Agboolé tó ní Micra díẹ̀ lẹ́bàá gáréèjì ni.

Ọkọ̀ òfìfo ni nǹkan tí ibẹ̀ nílò. Omi lásán lè ṣe é, àmọ́ ọbẹ̀ á ṣàn tororo, wọ́n á ní kí àwọn dá a padà síná kó lè ki, gbogbo èrò á sì padà sídìí ìjókòó wọn. Ata ló dára jù. Kí wọ́n lọ tòmátò, tàtàsé, rodo àti àlùbọ́sà, kí wọ́n sè é lọ́tọ̀ láìfi iyọ̀ tàbí Màgí kàn án. Bí omi rẹ̀ bá gbẹ, kí wọ́n fi òróró díẹ̀ dín in títí kíkan rẹ̀ fi máa lọ tí òróró á sì léfòó, kí wọ́n tó dà á pọ̀. Ife ata yìí kan sí ife ọbẹ̀ mẹ́rin: Micra 5 dé bá 20 lófìfo, èrò di mẹ́rin-mẹ́rin, kálukú lè mí.

Ṣúgà àti ọsàn wẹ́wẹ́ kàn ń tan ahọ́n jẹ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ṣúgà kò sì yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀.

Àwo oúnjẹ Ìbàdàn gan-an mọ ọgbọ́n yìí ju ìkòkò lọ. Àmàlà kì í ní iyọ̀. Tí wọ́n bá se gbẹ̀gìrì láìfi iyọ̀ sí i, tó jẹ́ irú nìkan ló wà nínú ewédú, ọbẹ̀ ata tó le lẹ́nu tẹ́lẹ̀ á bá ìtura pàdé lórí àbùlà, òkèlè kọ̀ọ̀kan á máa bu omi là á. Ọbẹ̀ kan náà, tí wọ́n bá bù ú lé ìrẹsì oníyọ̀ lálẹ́, omi mímu ni gbogbo ilé á máa dìde wá lóru.