Kí ló dé tí DJ ń múra bíi róbọ́ọ̀tì inú fíìmù?

Fídíò kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yìí. DJ kan ló wà nínú ẹ̀, níbi àríyá àwọn ọmọ yunifásítì: ó dé akoto onírin, gíláàsì dúdú bò ó lójú, ohùn tó ń jáde kò sì jọ ti èèyàn. Àwọn òbí ò yé béèrè.

Ṣé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni?
Rárá. Inú fíìmù ni wọ́n ti mú un.

Fíìmù wo?
Ní 1927, àwọn ará Jámánì gbé Metropolis jáde, róbọ́ọ̀tì onírin sì wà nínú ẹ̀. Ní 1978, Kraftwerk, ẹgbẹ́ olórin Jámánì tó ń fi ẹ̀rọ oníná kọrin, fi orúkọ fíìmù yẹn sọ orin wọn kan. Daft Punk, olórin méjì láti ilẹ̀ Faransé, wá sọ akoto di ojú tí ayé mọ̀ wọ́n mọ́. Àwọn ló ṣe orin fíìmù Tron: Legacy ní 2010.

Láàárín fíìmù àti orin ẹ̀rọ, ta ló kọ́kọ́ wá ẹnì kejì lọ?
Fíìmù ni. Ẹni tó fẹ́ fi ayé tí ẹsẹ̀ èèyàn ò tíì dé hàn wá, kò lè fi fèrè àti dùùrù ṣe é. Etí ti mọ ìyẹn. Ní 1956, Louis àti Bebe Barron, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, fọwọ́ ara wọn so wáyà pọ̀ fún fíìmù Forbidden Planet. Wọ́n á gbé iná sí i, á máa han, á máa kérora, títí á fi jó. Èyí tó bá ti jó ò ní ké bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ohun tí téépù bá rí gbà ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀, wọn ò kọ "orin" síwájú orúkọ wọn nínú fíìmù náà. Ìró ẹ̀rọ ni wọ́n kọ. Ó ń dùn mí fún wọn títí dòní.

Ohùn DJ yẹn ńkọ́?
Vocoder ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà: ó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn wọ inú ìró dùùrù oníná. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Àwa la ni gángan tó ń sọ̀rọ̀, àwa la ni eégún tí kì í fi ohùn ojoojúmọ́ sọ̀rọ̀ tó bá ti wọ ẹ̀kú. Ẹ má ṣì mí gbọ́: ará ọ̀run ni eégún, ọjọ́ iwájú ni akoto DJ ń tọ́ka sí. Ọ̀kan kì í ṣe èkejì. Àmọ́ kí èèyàn bojú kí ohùn mìíràn lè ráyè sọ̀rọ̀, a ti mọ ìyẹn tipẹ́.

Ṣé ti Òyìnbó nìkan ni?
Ó tì. Juan Atkins, adúláwọ̀ ará Detroit ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá techno, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, sílẹ̀.

Ṣé kí n dá ọmọ mi dúró?
Etí rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Ní 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ìpíndọ́gba ìró níbi àríyá má kọjá 100 decibel, ìyẹn ìwọ̀n ariwo. Kí ó má dúró ti sípíkà, kó máa jáde síta sinmi. Bí etí rẹ̀ bá ṣì ń dún nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti ṣe é léṣe díẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì ní wárápá, iná tó ń ṣẹ́jú kíákíá lè gbé e dìde. Kó jókòó sílé lọ́jọ́ náà.