Kí là ń pè ní àfarawé ọ̀wọ́ sátẹ́láìtì?

Ẹni tó bá ti dúró ní èbúté Ìpàkodò, n'Íkòródù, láàárọ̀ Mọ́ńdè, mọ̀ pé kí ọkọ̀ ojú omi pọ̀ nìkan kò tó. Bí márùn-ún bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, omi lásán lẹni tó dé lẹ́yìn wọn á máa wò. Ohun tó ń da àwọn tó ń to sátẹ́láìtì kéékèèké láàmú náà nìyẹn.

Ká ní a fẹ́ kí wọ́n máa ya fọ́tò Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòródù, nígbà tí wọ́n bá ṣí omi Ọ̀yán, tí odò Ògùn sì ń wọlé onílé. Sátẹ́láìtì tó wà ní 500 kìlómítà sókè ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 95. Ṣé tó bá yí po tán, orí wa ló máa padà sí? Rárá o. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ máa fi òwú wé e láti orí dé ìdí, kí ẹ sì máa yí ọsàn náà díẹ̀díẹ̀. Òwú kejì kò ní bọ́ sórí ti àkọ́kọ́. Ayé náà ń yí. Nígbà tí sátẹ́láìtì yẹn bá tún dé, ó ti fi nǹkan bí 2,600 kìlómítà yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn wa, òkun Àtìláńtíìkì ló ń yà.

Ìdí tí wọ́n fi ń rán ọ̀wọ́ lọ nìyẹn, kí ọ̀kan máa dé bí èkejì ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n àlàfo mélòó ló yẹ kó wà láàárín wọn? Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ rin ìrìn náà, òun là ń pè ní àfarawé. Wọ́n á sọ gíga fún un, bí ọ̀nà oníkálukú ṣe dagun, àti bí bátìrì ṣe lágbára tó, nítorí bí ìṣẹ́jú 35 nínú ìyípo kan lè jẹ́ òkùnkùn. Ó wá lè fi wákàtí díẹ̀ ṣírò ìrìn oṣù mẹ́fà. Ẹ má gbàgbé ìkùukùu o! Ìgbà òjò lomi ń kún, kámẹ́rà lásán kò sì ríran kọjá ìkùukùu. Ẹni tó bá fojú fò ó, irọ́ ni kọ̀ǹpútà á bá a ṣírò.

Lọ́dún 2017, NigeriaEduSat-1 ti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́ gòkè pẹ̀lú ti Gánà, Japan, Mongolia àti Bangladesh. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìhà kọ̀ọ̀kan wọn. Ojú kan náà ni wọ́n ti tú wọn sílẹ̀, wọn kò sì ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n á fi jìnnà síra. Ẹ rántí Ìpàkodò.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti orí tábìlì. Wọ́n á so ọpọlọ sátẹ́láìtì gan-an mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń tàn án pé ó ti wà lókè: oòrùn rèé, òkùnkùn ti dé. Ó máa ń gbà á gbọ́. Nígbà náà ni wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ pa ọ̀kan nínú ọ̀wọ́, tí wọ́n á jókòó máa wo bí àwọn tó kù ṣe máa pín iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.