Ẹ̀kọ́ Ìṣúná Ilé-iṣẹ́ ní Ipele Master ní Àjàṣẹ́

Ìṣúná ilé-iṣẹ́ ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń wádìí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń wá owó, ohun tó ń fi owó náà ṣe, àti bó ṣe ń pín èrè tó bá kù. Ní ipele Master, bí iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Wọ́n á gbé ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kan lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ pé kó sọ iye tí ilé-iṣẹ́ náà tó, kó sì fi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí fún akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), olú-ìlú Benin, àti fún àwọn tó ń ti Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wá.

Ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí

Ètò LMD ni Benin ń tẹ̀ lé: ọdún 3 fún Licence, ọdún 2 fún Master, ọdún 3 fún doctorat. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni. Òótọ́ ni pé Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣúná ńlá ti ìjọba wà. FASEG, ẹ̀ka ọrọ̀ ajé àti ìṣàkóso ní Université d'Abomey-Calavi, wà ní Calavi. ENEAM, ilé ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé àti ìṣàkóso tó wà lábẹ́ yunifásítì kan náà, wà ní Kútọnu, nǹkan bíi 30 kìlómítà sí Àjàṣẹ́. Ọdún 1970 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀, ọdún 2001 ló sì gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Ọdún 2001 yẹn náà ni Université de Parakou bẹ̀rẹ̀, ó sì sún mọ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ju Kútọnu lọ. Kétu ní ilé ẹ̀kọ́ gíga lábẹ́ Université Nationale d'Agriculture, àmọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìṣúná ní Kétu á di ẹrù rẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga aládàáni náà wà ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Kí ènìyàn tó sanwó fún wọn, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló yẹ kó kọ́kọ́ wádìí. Àṣẹ láti ṣí ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí ìjọba lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá tíì ní ìfọwọ́sí yìí, ìdánwò àpapọ̀ ti ìjọba ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní láti yege kí Master wọn tó di ti orílẹ̀-èdè. CAMES, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ gíga àwọn orílẹ̀-èdè elédè Faransé, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ouagadougou, náà máa ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí kan. Ọ̀rọ̀ yìí le sí i fún àwọn tó ti Nàìjíríà wá: ní oṣù January 2024, ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì kan ní Benin láàárín ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan wà tí Àjàṣẹ́ ní tí Kútọnu kò ní. ERSUMA, ilé ẹ̀kọ́ tí OHADA (àjọ tó ń ṣe òfin ìṣòwò kan náà fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nínú rẹ̀) fi ń kọ́ àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò ní òfin ìṣòwò, Àjàṣẹ́ ló wà. Ilé ẹ̀kọ́ òfin ni, kì í ṣe ti ìṣúná, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an ni ilé-iṣẹ́ Benin ń tẹ̀ lé. Ní Port Louis ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn OHADA lọ́jọ́ 17 oṣù October 1993. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Òfin rẹ̀ lórí ilé-iṣẹ́, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ní ìlà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣúná kò gbọdọ̀ gbàgbé: bí àdánù bá jẹ owó ilé-iṣẹ́ débi pé ohun tó kù kò tó ìdajì owó ìdókòwò tí wọ́n kọ sínú ìwé ìdásílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pe àwọn onípìn-ín jọ kí wọ́n pinnu bóyá ilé-iṣẹ́ náà á máa bá iṣẹ́ lọ tàbí á kógbá sílé.

Àbá tó wà nídìí ẹ̀kọ́ náà

Àbá tí wọ́n ń kọ́ ní Calavi kò yàtọ̀ sí ti Paris tàbí New York. Ní 1958, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Franco Modigliani àti Merton Miller sọ pé níbi tí kò bá ti sí owó-orí àti ewu ìwọgbèsè, iye tí ilé-iṣẹ́ tó kò ní yí padà, yálà gbèsè ló fi ṣòwò tàbí owó onípìn-ín. Ní 1963 wọ́n mú owó-orí wọ inú ìṣirò náà, wọ́n sì rí i pé gbèsè ní àǹfààní, torí pé a máa ń yọ èlé kúrò nínú èrè kí a tó gba owó-orí lórí rẹ̀. Michael Jensen àti William Meckling tẹ̀ lé wọn ní 1976 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìjà àárín olówó àti ẹni tó ń bá a ṣàkóso owó. Ní 1984, Stewart Myers àti Nicholas Majluf ṣàlàyé ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ ná owó inú àpò rẹ̀, kó tó yáwó, kó tó wá ta ìpín fún ará ìta. Oníṣòwò ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, tí kò mọ Myers rí, ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Iye tí owó ń náni

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà ti le jù fún ẹni tó ń ṣe é ní Benin. Àpẹẹrẹ kan á tú u palẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù April 2024 ni Benin ti fòfin de kíkó kajú tútù lọ sókè òkun, kí wọ́n lè máa fọ́ ọ nílé. Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọ́kajú sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní 60 mílíọ̀nù fáránkì CFA, tí ẹ̀rọ náà á sì máa mú 18 mílíọ̀nù wọlé lọ́dọọdún fún ọdún 5 lẹ́yìn owó-orí. Ẹni tó bá kàn ro ó pọ̀ á rí 90 mílíọ̀nù, á ní èrè ti dé. Akẹ́kọ̀ọ́ Master mọ̀ pé owó ọdún karùn-ún kò tó owó òní, nítorí náà á dín in kù ní ìwọ̀n tí àwọn tó ni owó ń béèrè.

Èló ni wọ́n ń béèrè? Ká ní ìdá 40 nínú 100 owó náà jẹ́ gbèsè báńkì ní èlé 9%. Owó-orí èrè ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jẹ́ 25% ní Benin (30% ni fún ọ̀pọ̀ àwọn yòókù), nítorí náà 6.75% péré ni gbèsè náà ń náni. Ìdá 60 tó kù jẹ́ ti onípìn-ín. Bí onípìn-ín bá ń béèrè 16%, àpapọ̀ (ìdá 60 nínú 100 ti 16% àti ìdá 40 nínú 100 ti 6.75%) á jẹ́ 12.3%, owó ọdún 5 náà á sì tó nǹkan bíi 64.4 mílíọ̀nù lónìí: kí wọ́n ra ẹ̀rọ, 4.4 mílíọ̀nù ni èrè lé lórí. Ṣùgbọ́n bí onípìn-ín bá ní 22% lòun ń fẹ́, àpapọ̀ á gòkè sí 15.9%, owó náà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 59.1 mílíọ̀nù, ẹ̀rọ kan náà á sì di àdánù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan. Kajú kò yí padà, ẹ̀rọ kò yí padà.

Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí onípìn-ín ń béèrè kì í ṣòro fojú bù, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-iṣẹ́ ló ń ta ìpín lójoojúmọ́. Ọjà ìpín tí Benin ń lò ni BRVM, tó bẹ̀rẹ̀ ní Abidjan lọ́jọ́ 16 oṣù September 1998 fún orílẹ̀-èdè 8 inú UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jọ ń ná fáránkì CFA. Ilé-iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ kò tó 50, òmíràn sì wà nínú wọn tí ìpín rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ tó bọ̀. BOA Bénin wà níbẹ̀, àmọ́ báńkì ni. Kò jọ ilé-iṣẹ́ kajú. Àwọn olùkọ́ kan á mú ilé-iṣẹ́ tó jọ ọ́ nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n á wá fi ewu orílẹ̀-èdè kún un. Aswath Damodaran, ọ̀jọ̀gbọ́n ní New York University, máa ń gbé ìṣirò ewu orílẹ̀-èdè jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú fídíò kíláàsì rẹ̀, ó sì jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn míràn á wo iye tí ìjọba Benin fúnra rẹ̀ ń san. Ní oṣù February 2024, ó yá 750 mílíọ̀nù dọ́là lọ́jà àgbáyé ní èlé 8.375%. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìyẹn gbọ́dọ̀ rántí pé dọ́là ni, nígbà tí owó kajú jẹ́ fáránkì. Ìwé gbèsè ìjọba tí wọ́n ń tà ní fáránkì CFA ló bá ìṣirò náà mu jù.

Gbèsè náà ní ààlà tirẹ̀. Ní UEMOA, báńkì kò gbọdọ̀ gbà ju 15% lọ, ilé-iṣẹ́ ayánilówó kéékèèké kò sì gbọdọ̀ kọjá 24%. Ní ìdàkejì, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń kó owó wọn fún alájọ tó ń yọ owó ọjọ́ kan lóṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé wọ́n ń sanwó kí ẹlòmíràn lè bá wọn tọ́jú owó, ohun tí ọ̀pọ̀ àbá ìṣúná kì í rò tẹ́lẹ̀.

Náírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáránkì

Fáránkì CFA kì í mì: 655.957 rẹ̀ ni yúrò kan. Náírà ń mì, ẹnubodè sì wà nítòsí. Ilé-iṣẹ́ Àjàṣẹ́ tó ń tajà fún ará Nàìjíríà ń san owó òṣìṣẹ́ ní fáránkì, ó sì lè máa gba náírà. Nígbà tí Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ ní oṣù June 2023, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi 460 náírà, ó sì kọjá 750 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, Nàìjíríà ti ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa láti oṣù August 2019 di oṣù December 2020. Ẹni tó bá ń ṣírò owó tó ń bọ̀ fún ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò fi àyè sílẹ̀ fún irú nǹkan wọ̀nyí, àlá ló ń lá.

Ilẹ̀ Yorùbá Benin ní àpẹẹrẹ àtijọ́ méjì tó yẹ kí gbogbo kíláàsì yẹ̀ wò: ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onigbolo, ní agbègbè Pobẹ̀, àti ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́. Benin àti Nàìjíríà ló jọ dá àwọn méjèèjì sílẹ̀, Nàìjíríà sì ni ọjà tí wọ́n gbójú lé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ẹni tó jẹ́ onípìn-ín tó tún jẹ́ oníbàárà kò lágbára mọ́. Nígbẹ̀yìn, Onigbolo bọ́ sọ́wọ́ aládàáni, wọ́n sì fi ilé-iṣẹ́ ṣúgà náà háyà fún ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan.

Ìwé ìṣirò owó àti mémoire

SYSCOHADA, ìlànà ìṣirò owó OHADA, tí wọ́n tún ṣe ló ń darí ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù January 2018. Àyípadà tó wúlò jù nínú rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣúná ni àtẹ owó tó wọlé àti owó tó jáde, tó rọ́pò àtẹ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní TAFIRE. Òwò kéékèèké ní ètò tirẹ̀ tó rọrùn, tó dá lórí owó tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n san. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni àpò ilé àti àpò òwò ti wọnú ara wọn. Owó oṣù tí olówò kò san fún ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrè á dà bíi pé ó pọ̀ ju bó ti rí lọ.

Stage (ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́) àti mémoire (ìwé ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́) ló ń parí Master. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ jókòó ní báńkì, ní ilé-iṣẹ́ ayánilówó tàbí lọ́dọ̀ oníṣirò àgbà, á kọ ìwé, á sì gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ olùkọ́. Ìdíyelé ilé-iṣẹ́ àti ìṣàkóso owó tó há sọ́wọ́ oníbàárà wà lára ohun tí wọ́n lè kọ lé lórí. Rírí ìwé ìṣirò owó gbà ló máa ń fa ìjáfara jù. Ọ̀gá tó gba akẹ́kọ̀ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀ lè má gbà kó rí ìwé náà, kí àṣírí má baà dé etí àwọn agbowó-orí. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ pa mọ́ nínú mémoire, kí wọ́n sì sọ gbogbo iye owó inú rẹ̀ di púpọ̀ tàbí díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí ìfiwéra wọn má baà yí padà.